Wọ́n ti géètì mọ́ ojú oórì ìyá bàbá wa: ṣé òfin gbà ká wọlé?

Ẹ̀gbọ́n kan tó ń gbé Ìlọrin ló kọ̀wé sí mi. Mo gé e kúrú díẹ̀, àmọ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́ nìyí:

"Lọ́yà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ Ìjùmú ni wá. Oko ni wọ́n sin ìyá tó bí bàbá wa sí ní 1983, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ wọn, torí ibẹ̀ ni ahéré wọn wà. Ní 2014, àbúrò bàbá wa ta ilẹ̀ yẹn fún ọkùnrin kan tí kì í ṣe ọmọ ìlú. Ó ti gbin kajú sí gbogbo ẹ̀, ó fi wáyà ṣọgbà yí i ká, ó sì gbé géètì sí i. Tẹ́lẹ̀ a máa ń wọlé, kò sẹ́ni tó ń bi wá ní nǹkan kan. Ọdún Àjíǹde tó kọjá yìí la dé ibẹ̀ tí ẹni tó ń ṣọ́ oko ní ọ̀gá òun ní kí ẹnikẹ́ni má wọlé mọ́. Ọmọ àbúrò bàbá wa tún wá ń sọ pé èmi tí mo jẹ́ obìnrin, tí mo ti relé ọkọ, kí ló kàn mí ńbẹ̀. Ẹlòmíì ní ká kúkú lọ hú egungun wọn wá sílé. Ṣé a lẹ́tọ̀ọ́ láti wọlé àbí a ò ní? Ṣé ká pè é lẹ́jọ́?"

Ẹ̀gbọ́n mi, òkun o. Ẹ kú ìrọ́jú. Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ èyí tí kò dùn. Kò sí òfin àpapọ̀ kankan ní Nàìjíríà tó sọ ọ́ ní tààrà pé ọmọ olóòkú lè wọ ilẹ̀ onílẹ̀ lọ wo ojú oórì. Ká ní ó wà ni, ǹ bá kọ nọ́ńbà ẹ̀ ránṣẹ́ sí yín, ẹ̀ bá tẹ̀ ẹ́ síwèé, ẹ fi han ẹni tó wà lẹ́nu géètì, ọ̀rọ̀ bùṣe. Àmọ́ ọwọ́ yín ò ṣófo o, ó kù díẹ̀ kó kún gan-an, ẹ̀yin ṣáà ní sùúrù kà á dópin torí ó máa gùn.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan á ti fi fídíò ránṣẹ́ sí yín lórí WhatsApp pé ẹ̀tọ́ yín ni, ẹ wọlé, kò sẹ́ni tó lè dá yín dúró. Òótọ́ ni ẹni yẹn ń sọ, àmọ́ ibòmíì ló ti jẹ́ òótọ́. Ní Amẹ́ríkà, ìpínlẹ̀ Virginia ní òfin tó sọ pé ẹni tí sàréè bá wà lórí ilẹ̀ ẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ kí àwọn ẹbí àti ìrandíran olóòkú wọlé, bí wọ́n bá ti sọ fún un ṣáájú, òun náà sì lẹ́tọ̀ọ́ láti yan àkókò tí wọ́n máa wá. Texas ní irú ẹ̀, Florida ní irú ẹ̀. Èyí tó sún mọ́ wa jù ni ti South Africa, òfin tí wọ́n ṣe ní 1997 fún àwọn tó ń gbé orí ilẹ̀ oko olóko. Ní abala kẹfà ẹ̀, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹnikẹ́ni lẹ́tọ̀ọ́ láti lọ wo sàréè ẹbí ẹ̀ kó sì máa tọ́jú ẹ̀ lórí ilẹ̀ ẹlòmíì, àmọ́ onílẹ̀ lè fi àdéhùn tó bọ́gbọ́n mu sí i kí iṣẹ́ oko ẹ̀ má bàa dàrú. Wọ́n mọ ìdí tí wọ́n fi ṣe é. Àwọn aláwọ̀ dúdú tó ti gbé orí oko òyìnbó láti ìran dé ìran, ibẹ̀ ni wọ́n bímọ sí, ibẹ̀ ni wọ́n sìnkú sí, tí òyìnbó bá wá lé wọn jáde lọ́jọ́ kan, òkú wọn á wà lẹ́yìn wáyà. Lọ́dọ̀ wa, kò tíì sẹ́ni tó rí i bí ohun tó yẹ kí wọ́n ṣòfin lé lórí, bóyá torí a gbà pé kò sẹ́ni tó máa yájú débi kó lé ọmọ kúrò lójú oórì. Ẹ̀yin náà ti rí i báyìí pé ẹni yẹn ti wà.

Tiwa wá ńkọ́? Nǹkan mẹ́ta ni adájọ́ máa wò pọ̀: Land Use Act ti 1978, ìyẹn òfin àpapọ̀ lórí ilẹ̀, àṣà ìbílẹ̀ wa, àti òfin àtọwọ́dọ́wọ́ tí òyìnbó fi sílẹ̀ fún wa. Ẹ fi kún un pé àwa ará Òkun ní Kogi, tó wà nínú Kabba Province àtijọ́, abẹ́ Àríwá la wà. Kí 1978 tó dé rárá ni ìjọba Àríwá ti ní Land Tenure Law ti 1962 tó fi ilẹ̀ sábẹ́ ọwọ́ ìjọba, nígbà tí àwọn ará Ìbàdàn àti Àbẹ́òkúta ṣì ń ta ilẹ̀ bó ṣe wù wọ́n. Àmọ́ ẹ bi ẹnikẹ́ni ní Ìyàrá tàbí ní Mopa pé ta ló ni oko yìí, orúkọ ẹbí ló máa dá, kò ní dá orúkọ gómìnà. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ wa kì í fìgbà kan rọrùn nítorí ẹ̀: ìwé ń sọ ọ̀kan, ẹnu àgbà ń sọ ọ̀kan.

Ká tó débi òkú, ẹ jẹ́ n bi yín: ilẹ̀ ta ni àbúrò bàbá yín tà? Tó bá jẹ́ ti ara ẹ̀, tó fowó ara ẹ̀ rà tàbí tí ẹbí ti pín in fún un tán pátápátá, ó parí síbẹ̀. Tó bá jẹ́ ilẹ̀ ẹbí ni, ọ̀rọ̀ ti di méjì. Láti 1959 tí wọ́n ti dá ẹjọ́ Ekpendu àti Erika ni ìlànà ẹ̀ ti fìdí múlẹ̀: ọmọ ẹbí lásán tó bá ta ilẹ̀ ẹbí láìsí olórí ẹbí níbẹ̀, títà yẹn ti kú láti ọjọ́ tó ti tà á. Tó bá jẹ́ olórí ẹbí fúnra ẹ̀ ló tà á, àmọ́ tí kò fi tó àwọn àgbà ojúlé yòókù létí, títà yẹn dúró o, àfi tí àwọn yẹn bá tètè gbéra lọ sí kóòtù pé kí wọ́n fagi lé e. Lórí èyí náà, Land Use Act, abala 21, ní ẹ kò gbọdọ̀ gbé ilẹ̀ oko fún ẹlòmíì láìjẹ́ pé ìjọba ìbílẹ̀ fọwọ́ sí i, abala 26 sì ní èyí tí ẹ bá ṣe láìsí ìyẹn, òtúbáńtẹ́ ni. Láàárín èmi àtiyín, tí mo bá ní kí gbogbo ẹni tó ti ra oko láti Kabba títí dé Ẹ̀gbẹ̀ mú ìwé ìyọ̀ǹda ìjọba ìbílẹ̀ jáde, ìwé tó máa jáde kò ní kún àpò kan.

Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ má tíì máa yọ̀. Ìyàtọ̀ wà láàárín ẹni tó fẹ́ gba ilẹ̀ àti ẹni tó fẹ́ kí ojú oórì ìyá ẹ̀, ẹ̀yin sì gbọ́dọ̀ mú ọ̀kan. Láti 2014 ni ilẹ̀ yìí ti kúrò lọ́wọ́ yín, ẹ rí i, ẹ mọ̀ ọ́n, ọkùnrin yìí gbin kajú, kajú ń so, ẹ ò sọ nǹkan kan. Adájọ́ máa ní ẹ sùn. Ohun míì tún wà tí ẹ gbọ́dọ̀ bi ara yín ní kọ̀rọ̀, kí ẹ tó ná kọ́bọ̀ fún lọ́yà: nígbà tí owó ilẹ̀ yẹn wọlé, ta ló gbà nínú ẹ̀? Mo bá ìyá kan ṣẹjọ́ rí, ọlọ́jọ́ lórí ni wọ́n, wọ́n búra pé àwọn ò gbọ́ nípa títà ilẹ̀ ẹbí àwọn àfi nígbà tí katakata dé. Mo gbà wọ́n gbọ́. Wọ́n jẹ́rìí, wọ́n sunkún, kóòtù dákẹ́ rọ́rọ́. Ni lọ́yà ẹnìkejì bá fa bébà kan yọ nínú fáìlì ẹ̀, bébà ìwé àwọn ọmọ ilé ìwé tí wọ́n fà ya, ìlà bùlúù ṣì wà lára ẹ̀, tí wọ́n kọ orúkọ mẹ́sàn-án sí pẹ̀lú iye tó kan kálukú. Orúkọ ìyá yìí ló ṣe ìkarùn-ún, àmì àtàǹpàkò wọn sì rọra jókòó síwájú ẹ̀ ní íńkì aró. Mo jókòó, mo mu omi. Kí lẹ fẹ́ kí n sọ?

Ní ti ọmọ àbúrò bàbá yín tó ní ẹ ti relé ọkọ, ẹ sọ fún un pé kó lọ jókòó. Láti 1924 ni kóòtù ti sọ nínú ẹjọ́ Lopez àti Lopez pé lábẹ́ àṣà Yorùbá, ọmọbìnrin àti ọmọkùnrin dọ́gba lórí ogún bàbá wọn. Abala 42 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 kò gbà kí wọ́n fi obìnrin sípò ẹ̀yìn torí pé ó jẹ́ obìnrin, Súpíríìmù Kóòtù sì tún là á mọ́lẹ̀ ní 2014 nínú ẹjọ́ Ukeje tó dá lórí àṣà Ìgbò. Tó bá jẹ́ pé lórí ilẹ̀ pàápàá ẹ lẹ́nu ọ̀rọ̀, ta ló wá máa dá yín dúró pé kẹ́ ẹ má kúnlẹ̀ níbi tí ìyá bàbá yín sùn sí? Mo tiẹ̀ ti ṣàkíyèsí pé àwọn ọmọkùnrin tó máa ń sọ irú ọ̀rọ̀ yìí, àwọn náà ni kì í bá wọn ro ẹ̀gbẹ́ sàréè.

Ó yá, ká bọ́ sórí sàréè gan-an. Òkú kì í ṣe ọjà. Òfin tí òyìnbó fi sílẹ̀ gbà pé kò sẹ́ni tó ni òkú bí ẹní ni ewúrẹ́, nítorí náà àbúrò bàbá yín kò lè ta ìyá ẹ̀ mọ́ ilẹ̀, ẹni tó ra ilẹ̀ kò sì lè sọ pé òun ra ìyá onílẹ̀. Ilẹ̀ ló rà. Ìbéèrè tó kù ni pé ṣé ó mọ̀ pé sàréè wà níbẹ̀ nígbà tó ń rà á? Tó bá jẹ́ sàréè tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì kọ́, tó yọ sókè, tí orúkọ wà lára ẹ̀, kò lè sọ pé òun ò rí i, àfi tó bá jẹ́ òru ló wá wo ilẹ̀. Ẹni tó bá sì ra nǹkan tó rí ẹ̀tọ́ ẹlòmíì lórí ẹ̀, tòun ti ẹ̀tọ́ yẹn ló rà á. Ìdí tí mo fi fẹ́ kẹ́ ẹ lọ wá fọ́tò àtijọ́ nìyẹn, fọ́tò ìsìnkú 1983, fọ́tò ọdún tí ẹ lọ kùn ún, ohunkóhun tó fi hàn pé sàréè wà lójútáyé kí 2014 tó dé.

Nǹkan kejì tó wà lọ́wọ́ yín ni àṣà. Lọ́dọ̀ wa, tí èèyàn bá gbé oko fún àlejò dá, igi ọlọ́rọ̀ àti ojú oórì kì í bá a lọ. Kò sí baálẹ̀ kan ní gbogbo ilẹ̀ Òkun tí kò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ níwájú adájọ́, kì í ṣe kí lọ́yà máa pariwo pé "àṣà wa ni." Evidence Act ti 2011, òfin tó ń darí ẹ̀rí ní kóòtù, ní kí ẹni tó bá gbójú lé àṣà wá fi ẹ̀rí ẹ̀ hàn, pẹ̀lú àwọn tó mọ̀ ọ́n. Àgbà méjì láti ìlú yín, ọ̀kan láti ìlú tó múlé tì yín, tí wọ́n lè sọ irú ẹ̀ tó ti ṣẹlẹ̀ lójú wọn, ó tó. Ẹ̀kẹta ni pé láti 2014 lọ́hùn-ún ọkùnrin yìí fúnra ẹ̀ ń jẹ́ kí ẹ wọlé. Òun lè ní àánú lòun fi ṣe, àánú sì ṣeé gbà padà. Ẹ̀yin á ní kì í ṣe àánú, ẹ̀tọ́ wa ló mọ̀ tó fi yọ̀ǹda. Ibẹ̀ ni lọ́yà méjì á ti máa jà, tí adájọ́ á sì ní àyè láti tẹ̀ síbi tó wù ú, n ò ní purọ́ fún yín.

Àmọ́ ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ ká fi kóòtù sílẹ̀ ná, ká bi ara wa pé kí ló yí ọkùnrin yìí lọ́kàn padà lẹ́yìn gbogbo ọdún yẹn? Ẹnu iṣẹ́ yìí ni mo ti rí i tó ju ìgbà mélòó kan lọ: ẹni tó ti géètì kò bá òkú jà, ẹ̀rù ilẹ̀ ẹ̀ ló ń bà á. Ẹ̀rù yẹn sì ní ìdí. Láti 1976 tí Súpíríìmù Kóòtù ti dá ẹjọ́ Idundun àti Okumagba ni gbogbo wa ti mọ̀ pé ọ̀nà márùn-ún lèèyàn lè gbà fi hàn pé òun ló nilẹ̀: ìtàn ìṣẹ̀dálẹ̀, ìwé ilẹ̀, ìlò tó fi hàn pé èèyàn ni onílẹ̀, ìgbà pípẹ́ tó ti wà lọ́wọ́ ẹ̀, àti níní ilẹ̀ tó bá a pààlà. Kí lẹ rò pé àwọn ẹbí máa ń tọ́ka sí tí wọ́n bá ń sọ ìtàn ìṣẹ̀dálẹ̀? Sàréè ni! Ẹ wo pílánù tí àwọn sọ́fíò máa ń yà fún ẹjọ́ ilẹ̀, ẹ ó rí igi àràbà, ẹ ó rí àlàpà, ẹ ó rí ojú oórì bàbá ńlá wọn. Torí náà, tí èèyàn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún bá sọ̀kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì pé àwọn wá kí ìyá àwọn, tí ọ̀kan nínú wọn ń ya fídíò, tí òmíì ń fọwọ́ tọ́ka pé "láti ibí dé ìdí igi yẹn lọ́hùn-ún, tiwa ni," kí ni onílẹ̀ máa rò? Ó máa rò pé lọ́dún tó ń bọ̀, sọ́fíò ni wọ́n máa mú wá.

Ẹ tún wo àsìkò tí ẹ ń lọ. Ọdún Àjíǹde kì í kọjá ìparí oṣù kẹta sí oṣù kẹrin, ìgbà yẹn gan-an ni kajú ń já bọ́ sílẹ̀. Gbogbo owó ọkùnrin yẹn fún ọdún kan, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ló wà, ẹni tó bá ń kọjá á kàn bẹ̀rẹ̀ ni. Ẹ lè bínú sí mi o, àmọ́ ṣé kò sí ọmọ kankan nínú ọkọ̀ yín tó ṣa kóró kajú sápò? Ká tún má gbàgbé bí ìlú ṣe rí báyìí, oko wa láti Yàgbà dé Bùnú, ẹ̀rù ajínigbé ń ba gbogbo èèyàn, ẹni tí kò bá mọ ojú àlejò kò ní ṣílẹ̀kùn fún un. Èmi náà kò ní ṣí i.

Ohun tí mo máa ń ṣe fún àwọn tó bá wá bá mi, tó sì ń ṣiṣẹ́ ju ìwé ìpẹ̀jọ́ lọ, ni pé a máa ń ya sàréè kúrò lára ilẹ̀. Lórí bébà, mo ń wí o. A ó kọ àgírímẹ́ǹtì ojú ewé méjì, ní Yorùbá tó bá ṣeé ṣe kí gbogbo àgbà lè gbọ́ ọ. Ọ̀rọ̀ tó máa ṣáájú níbẹ̀ ni pé: "Àwa ọmọ àti ọmọ-ọmọ àwọn tí wọ́n sin síbí kò béèrè ilẹ̀ yìí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Wíwọlé tí a bá ń wọlé wá kì í ṣe àmì pé àwa la nilẹ̀, a ò sì ní fi ṣe ẹ̀rí níbikíbi." Gbólóhùn yẹn ni oògùn ẹ̀rù ọkùnrin yẹn. Tó bá ti rí i, ojú ẹ̀ á wálẹ̀.

Ẹ dúró ná o. Gbólóhùn yẹn náà ni mo ní kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún. Tí ẹ bá ti fọwọ́ sí i, ilẹ̀kùn ẹjọ́ pé kí wọ́n fagi lé títà ti tì nìyẹn. Nítorí náà, gbogbo ojúlé ló gbọ́dọ̀ jókòó, kí olórí ẹbí fọwọ́ sí i, kí ojúlé kọ̀ọ̀kan rán ẹnì kan, torí tí àbúrò yín kan tó wà ní Abuja bá lọ pè é lẹ́jọ́ lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ẹ̀yin lẹ máa di òpùrọ́.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ jẹ́ kó ṣe pàtó. Ẹ̀ẹ̀mélòó lọ́dún? Ẹ ní ẹ̀ẹ̀mejì, kí ọ̀kan má bọ́ sí àsìkò kajú: ẹ lè sọ Àjíǹde di ọjọ́ kẹta ọdún Kérésì, ìyá yín kò ní bínú. Èèyàn mélòó? Kó má ju mẹ́wàá lọ. Kí ẹ fi fóònù sọ fún un ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, kí ẹni tó ń ṣọ́ oko tẹ̀ lé yín wọlé. Ọ̀nà wo lẹ máa gbà? Ẹ jẹ́ kí sọ́fíò tàbí ẹni tó bá mọ̀wé yà á sí bébà kan, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin ní fífẹ̀, láti géètì dé sàréè, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ àgírímẹ́ǹtì. Ẹ ò ní dáná, ẹ ò ní jó ewé, torí inú ọyẹ́, iná ọ̀kan ṣoṣo lè jẹ oko kajú tán. Èyí tó lágbára jù, tí àwọn ẹbí kì í fẹ́ gbọ́: ẹ ò ní sin òkú tuntun síbẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹnì kan nínú yín ti ń ro ó pé ẹ̀gbẹ́ ìyá wọn ni wọ́n máa sin bàbá sí. Ẹ gbàgbé ẹ̀. Òun náà á gbà lórí ìwé pé òun ò ní gbin igi sí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá yí sàréè méjèèjì ká, pé katakata kò ní kàn án, àti pé tóun bá ta ilẹ̀ lọ́la, òun máa fi ìwé yìí han ẹni tó bá rà á, kí àdéhùn náà mú òun náà. Tí ẹ ò bá fi ti ẹni tó máa rà á lẹ́yìn ẹ̀ sí i, ọjọ́ tó bá ti tà á lẹ tún máa bẹ̀rẹ̀ látorí òdo.

Tó bá wá jẹ́ èèyàn tó lójú àánú, tí ẹ̀yin náà sì lówó díẹ̀, ẹ bi í bóyá ó máa ta ẹsẹ̀ bàtà ogún ní ogún padà fún yín, tòun ti ọ̀nà. Ẹ gba ìyọ̀ǹda ìjọba ìbílẹ̀ lórí ẹ̀ kí ẹ má bàa ṣe irú àṣìṣe tí àbúrò bàbá yín ṣe. Nígbà míì, owó tí ẹ fẹ́ fún lọ́yà fún ọdún kìíní nìkan ti tó rà á. Èmi lọ́yà ni mo ń sọ bẹ́ẹ̀ o.

Ta ló máa pè yín jọ? Ẹ má lọ bá a lẹ́nu géètì. Ẹ lọ sí ààfin. Tí ẹ̀yin àti òun bá fẹnu ara yín gbà pé kí ọba tàbí baálẹ̀ àti àwọn ìjòyè dá sí i, tẹ́ ẹ sì gbà pé ohun tí wọ́n bá sọ lẹ máa tẹ̀ lé, tí wọ́n dá a bí àṣà ṣe wí, tí ẹnikẹ́ni ò yọwọ́ kí wọ́n tó dá a tán, Súpíríìmù Kóòtù ti sọ ní 1991 nínú ẹjọ́ Agu àti Ikewibe pé irú ìdájọ́ bẹ́ẹ̀ so èèyàn mọ́lẹ̀. Torí náà, kí akọ̀wé ààfin kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀, déètì, orúkọ àwọn tó jókòó, ohun tí wọ́n sọ, kí gbogbo yín fọwọ́ sí i. Obì àti málítì nìkan kò tó ẹ̀rí. Ẹ sì jọ̀ọ́, torí pé kì í ṣe ọmọ ìlú, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ní ààfin máa halẹ̀ mọ́ ọn pé wọ́n á lé e lọ. Ó ra ilẹ̀, ó sanwó. Ẹni tí ẹ bá dẹ́rù bà kò ní fi inú kan fọwọ́ sí ohunkóhun fún yín.

Tó bá wá kọ̀ pátápátá, kóòtù dé. Ohun tí lọ́yà yín máa béèrè ni pé kí kóòtù kéde pé ẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti wọlé lọ wo sàréè lákòókò tó bọ́gbọ́n mu, kó yan ọ̀nà fún yín, kó sì kà á léèwọ̀ fún ọkùnrin náà láti wó o tàbí tú u. Kó má béèrè ilẹ̀ mọ́ ọn, torí tó bá ti pa á pọ̀, ẹjọ́ kékeré ti di ẹjọ́ ńlá. Kóòtù eríà, ìyẹn kóòtù ìbílẹ̀ lọ́dọ̀ wa ní Àríwá, lè gbọ́ ẹjọ́ ilẹ̀ ìbílẹ̀, Land Use Act, abala 41, ló sọ bẹ́ẹ̀, àmọ́ láti 2000 tí wọ́n ti dá ẹjọ́ Adisa àti Oyinwola, ọ̀nà ti là pé High Court náà lè gbọ́ ọ. Èmi máa gbé e lọ sí High Court ní Kabba, torí irú ọ̀rọ̀ yìí ò wọ́pọ̀, mo fẹ́ adájọ́ tó máa fara balẹ̀ kàwé lé e.

Ohun tí ẹ ò gbọdọ̀ ṣe wà. Ẹ má já kọ́kọ́rọ́. Ẹ má fo wáyà. Ẹni tó bá fipá wọlé, kódà kó jẹ́ orí sàréè ìyá ẹ̀ ló ń lọ, ó ti di arúfin lójú òfin, ọ̀rọ̀ sì ti bàjẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ẹ má gbé ọlọ́pàá dání lọ sí oko, torí Police Act ti 2020, abala 32, ò gbà kí wọ́n mú èèyàn torí ọ̀rọ̀ aáwọ̀ lásán tí kì í ṣe ọ̀daràn, òun náà sì lè fi ìyẹn mú yín so. Ibi tí ọlọ́pàá ti wọ̀ ọ́ ni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ wó sàréè tàbí tó tú u láti fi bú yín. Penal Code, ìwé òfin ìwà ọ̀daràn tí a ń lò ní Kogi, kà á sí ọ̀ràn kí èèyàn wọ ibi tí wọ́n sin òkú sí láti ba ọkàn àwọn èèyàn wọn jẹ́. Tẹ́ ẹ bá gbọ́ irú ẹ̀, kí ẹni tó bá wà nítòsí ya fọ́tò lọ́jọ́ yẹn gan-an, kẹ́ ẹ kọ lẹ́tà, kẹ́ ẹ fi ẹ̀dà ẹ̀ sílẹ̀ ní ààfin.

Ní ti híhú egungun, rárá o. Ẹ ò lè gbẹ́ ilẹ̀ onílẹ̀ láìgbàṣẹ lọ́wọ́ ẹ̀ àti lọ́wọ́ ìjọba, ẹ sì máa fi ọwọ́ ara yín kó ẹ̀rí kan ṣoṣo tí ẹ ní kúrò lórí ilẹ̀. Ká má tiẹ̀ sọ ti bí ara ṣe máa rí lára yín nígbà tí ṣọ́bìrì bá kan pákó.

Ẹjọ́ kan tún wà tí mo rántí. Onílẹ̀ ní irọ́ ni, kò sí sàréè kankan lórí ilẹ̀ òun. Adájọ́ ní òun máa lọ fojú ara òun rí i. A rìn wọ oko, ewé kajú gbígbẹ bolẹ̀ débi pé a ò rí ẹsẹ̀ wa, àwọn lọ́yà nínú bàtà dúdú, akọ̀wé kóòtù gbé fáìlì lórí bí ẹni ru igbá. A wá a títí, ọmọ ẹbí tó ní òun mọ̀ ọ́n, ó ti sọnù, torí igi mọ́ngòrò tó fi ń dá a mọ̀, wọ́n ti gé e. Ìyá àgbàlagbà kan ló wá sọ pé ká tẹ̀ lé òun, wọn ò tiẹ̀ bá wọn tan, aládùúgbò oko ni wọ́n. Wọ́n padà sí etí odò, wọ́n yíjú, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, wọ́n ń ka ìṣísẹ̀ wọn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Nígbà tó yá wọ́n dúró, wọ́n ki ọ̀pá tí wọ́n fi ń tilẹ̀ bọ ewé, ó dún kò. Wọ́n gbá ewé sẹ́gbẹ̀ẹ́, sìmẹ́ǹtì fara hàn, ó ti sán, àmọ́ lẹ́tà mẹ́ta orúkọ ṣì wà lórí ẹ̀. Adájọ́ bẹ̀rẹ̀, ó kà á sókè, ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ọ̀sẹ̀ yẹn ni lọ́yà ẹnìkejì pè mí lórí fóònù pé ká yanjú ẹ̀.

Nítorí náà, kí ẹ tó pe lọ́yà èyíkéyìí, èmi náà pẹ̀lú, ẹ lọ sílé lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ wá ẹni tó dàgbà jù tó bá wọn gbé pósí ní 1983, tàbí tó se oúnjẹ ọjọ́ yẹn. Ẹ tan fóònù yín, kẹ́ ẹ gba ohùn wọn sílẹ̀. Ẹ bi wọ́n pé ọ̀nà wo ni wọ́n gbé ìyá gbà dé oko, kí ló wà lápá ọ̀tún, kí ló wà lápá òsì, ta ni olóko tó kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀. Kẹ́ ẹ wá bá mi ya fọ́tò risíìtì tí àbúrò bàbá yín kọ, iwájú àti ẹ̀yìn ẹ̀, torí mo fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n dárúkọ sàréè níbẹ̀.